Ta Ni Yóò Bá Wa Tọ́jú Ààrẹ Ọ̀pọ̀lọ́?

Ní ọdún 1966, ọ̀pọ̀lọ́ kan wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó di ìlú òkèèrè. Sim ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ààrẹ orílẹ̀-èdè àwọn ọ̀pọ̀lọ́, ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ránṣẹ́ pè é wá ṣe àlejò. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí yóò fi padà dé ilé, wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè. Gbogbo eré náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, dúdú àti funfun ni, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ya àwòrán inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bon voyage, Sim ni àkọlé rẹ̀. Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, ló ṣe é.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ rẹ̀ ni àwọn sójà dojú ìjọba dé ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé, Kwame Nkrumah ti Ghana wà lẹ́nu ìrìn-àjò lọ sí Hanoi nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́ nílé. Wọ́n ti yìnbọn pa Sylvanus Olympio ní Togo láti ọdún 1963. Dahomey, tí ó di Benin lónìí, tí ẹnubodè rẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà sí Àgbádárìgì rárá, ti rí ìfipágbàjọba ní 1963 àti 1965, òmíràn sì ń bọ̀ ní 1967. Alassane kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ó ya ọ̀pọ̀lọ́, ó gbé e ka orí àga ààrẹ, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ojú olùwòran. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó kan Hamani Diori, ààrẹ Niger fúnra rẹ̀.

Àwa tí a dàgbà lórí àlọ́ ìjàpá kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fún wa. Ohun tí ó ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní etíkun wa yìí, láti Tópó títí dé Sẹ̀mẹ̀, mọ gbogbo ìjà tí Tom bá Jerry jà, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ orúkọ Sim rí. Bẹ́ẹ̀ ogún tiwa ni Sim. Ogún tí kò sì sí ní ọwọ́ ẹni tó jogún rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó sọnù.

Ọdún 1942 ni wọ́n bí Alassane. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́ kọ́kọ́. Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní sinimá ni ó ti ń fi páálí àti ọ̀rá títàn tó ń wé páálí sìgá ṣe àwòrán, tí ó ń tan iná sí i lẹ́yìn kí òjìji rẹ̀ lè hàn lára ògiri fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí ó dé Niamey, ó bá Jean Rouch pàdé, ará Faransé tó ń ya fíìmù nípa àwọn ènìyàn etí odò Ọya. Rouch rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe ọ̀nà tí ó fi dé Kánádà. Níbẹ̀ ni Norman McLaren ti kọ́ ọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ní gbogbo ayé, McLaren wà ní ìlà iwájú: ọkùnrin tó máa ń fi ọ̀dà àti abẹ́ ya àwòrán sórí fíìmù gan-an láì lo kámẹ́rà.

Alassane padà sílé, kò sì dúró. La mort du Gandji, kàtúùnù tó ṣe ní 1965, gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Dakar ní 1966. Sim tẹ̀lé e. Ní ọdún yẹn náà ni ó tún ṣe Le retour d'un aventurier, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé kan ní Niger ti wọ aṣọ kábọ́ì Amẹ́ríkà, tí wọ́n wá sọ ìlú di pápá ìjà. Ní 1977, ó lo ère ọmọláńgidi fún Samba le Grand. Ní 2001, nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, ó ṣe Kokoa, ìjàkadì láàárín àwọn ẹranko, ó sì tún padà sídìí ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Adieu Sim. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2015. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ ìtàn sinimá ló ń pè é ní bàbá kàtúùnù ní Áfíríkà apá gúúsù Sàhárà, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé àwòrán lè mira kò ṣàjèjì ní agbègbè wa. Nígbà tí àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, bá gbé eégún wọn, Zangbeto, jáde, tí wọ́n dojú aṣọ imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ dé lójú agbo, ère kéékèèké lè wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa yí, tí yóò máa rìn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Kétu àti ti Yewa ní ère orí tí wọ́n so okùn mọ́: ejò á bu ẹyẹ jẹ, ẹyẹ á fò padà. UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún ìran ènìyàn láti 2001. Agbẹ́gilére mọ̀ pé ère lè mira ṣáájú kí Émile Cohl tó ya Fantasmagorie ní Faransé ní 1908, kí Winsor McCay sì tó mú ẹranko ńlá rẹ̀, Gertie, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1914. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì. Bí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jẹrà, ọmọ agbẹ́gilére á gbẹ́ òmíràn, nítorí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí fíìmù bá jẹrà, kò sí ọmọ tó lè yà á padà bó ṣe wà.

Ẹ ro bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Àwòrán 24 ni ojú ẹ̀rọ sinimá ń rí nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìṣẹ́jú kan, ó di 1,440. Kódà bí ayàwòrán bá fẹ́ dín wàhálà kù, tí ó ya ẹyọ kan tí ó sì ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 720 ni yóò ṣì yà fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti Hollywood nígbà kan rí, orí ọ̀rá títàn ni wọ́n máa ń kun àwòrán sí. Nígbà tí wọ́n bá ya fọ́tò rẹ̀ tán, wọ́n á fọ ọ̀rá náà, wọ́n á tún lò ó fún eré mìíràn. Àwòrán tí ènìyàn fi odindi oṣù yà, omi àti ọṣẹ ni wọ́n fi nù ún kúrò. Ohun tó kù ni fíìmù tó wà nínú agolo. Bí agolo bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, sí ẹni tí kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kàtúùnù gígùn, èyí tó tó sinimá gidi, ní gbogbo ayé ni Quirino Cristiani, ọmọ Ítálì tó dàgbà ní Argentina. Ọdún 1917 ni El Apóstol jáde ní Buenos Aires, ogún ọdún gbáko ṣáájú Snow White ti Walt Disney. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 70 ni gígùn rẹ̀. Ta ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ààrẹ orílẹ̀-èdè, Hipólito Yrigoyen. Ní 1926, iná jó ilé-iṣẹ́ tí fíìmù náà wà, ó sì bá a lọ. Nígbà tí Cristiani bẹ̀rẹ̀ Peludópolis, Yrigoyen kan náà ló tún fojú sí, ṣùgbọ́n kí ó tó parí rẹ̀ ni àwọn sójà gba ìjọba ní 1930, tí ó fi di dandan fún un láti tún eré rẹ̀ tò. Kàtúùnù yẹn, tó jáde ní 1931, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kàtúùnù gígùn tó ní ohùn. Iná jó àwọn ohun ìní Cristiani ní 1957, ó tún jó wọn ní 1961. Kò sí ẹni tó wà láyé lónìí tó lè jókòó wo ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ààrẹ tí Cristiani yà àti èyí tí Alassane yà ìbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú kan náà, kí àwọn ọmọ wa máa fi wọ́n wé ara wọn. Ọ̀kan ti di eérú.

Nǹkan tí iná fi rọrùn bẹ́ẹ̀ láti jó wọn ni pé náítíréètì ni wọ́n fi ṣe fíìmù títí di nǹkan bí ọdún 1950. Bí náítíréètì bá gbiná, omi kò lè pa á, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń pèsè afẹ́fẹ́ tí iná rẹ̀ ń lò. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, asitéètì, kì í gbiná bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní àrùn tirẹ̀. Ooru àti omi inú afẹ́fẹ́ ló ń dá a sílẹ̀. Fíìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi kíkan jáde, á máa rùn bíi fínígà, á ká kò, á gbẹ, á sì ya. Omi kíkan tó ti jáde yìí ló tún ń mú kí èyí tó kù yára bàjẹ́, tí ó sì ń ran àwọn agolo tó wà nítòsí bí ọsàn jíjẹrà ṣe ń ran gbogbo apẹ̀rẹ̀. Ibi tútù tó gbẹ nìkan ló lè mú kí àrùn náà falẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni wá wo Àgbádárìgì: ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn ọ̀sà, òjò fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, iyọ̀ nínú atẹ́gùn tó ń jẹ páànù orí ilé, iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ yan ibi tí fíìmù yóò ti tètè kú, etíkun wa yìí ló máa yàn.

Síbẹ̀, ìlú yìí mọ bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí. Bí àlejò bá dé Àgbádárìgì, ilé ìdílé Mobee wà lára ibi tí wọ́n á kọ́kọ́ mú un lọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń ti ẹrú lẹ́nu. Bàbá ńlá wọn dá sí òwò ẹrú, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀, wọn kò sì kó irin wọ̀nyẹn dà sínú ọ̀sà. Wọ́n pa á mọ́, wọ́n sì ń fi hàn fún ẹni tó bá bèèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti agbo ilé Ṣẹ̀ríkí Fárẹ̀mí Williams Abass. Wọ́n ta òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Brazil, ó padà wá, ó di olówò ẹrú àti alágbára ìlú, ó sì kú ní 1919. Yàrá 40 tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú sí kí ọkọ̀ ojú omi tó dé, àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n dúró tì í. Kí ìjọba tó rántí pé ìtàn wà níbẹ̀, àwọn ìdílé ti ń gbálẹ̀ ibẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn kàtúùnù náà nìyẹn, ibi gbogbo ni ó sì ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Íjíbítì. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan, Herschel, Salomon àti David Frenkel, Júù tí òbí wọn ti Rọ́ṣíà ṣí lọ síbẹ̀, wo Mickey Mouse, wọ́n sì pinnu pé Íjíbítì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ní 1936 ni Mish-Mish Effendi jáde lójú sinimá ní Cairo: ọ̀dọ́kùnrin kan tó dé fìlà pupa tàbúùṣì. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí nǹkan le fún àwọn Júù ní Íjíbítì, ìdílé náà kó lọ sí Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Mish-Mish kò rí ọjà ńlá tà mọ́ níbẹ̀. Àwọn agolo rẹ̀ di ohun tí a kó sí yàrá abẹ́ ilé kan ní Brunoy, lẹ́bàá Paris. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, náítíréètì ni púpọ̀ nínú wọn, èyí túmọ̀ sí pé orí ohun tó lè gbiná ni gbogbo ilé ń sùn lé. Didier, ọmọ Salomon, ni kò jẹ́ kí wọ́n kó wọn dànù. Ó gbé wọn fún ilé ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba Faransé, tí wọ́n fọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà wọn. Ní 2019, Tal Michael fi ìtàn náà ṣe fíìmù tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Bukra fil Mish-Mish. 

Ẹ wo ìgbésẹ̀ méjì tó wà nínú rẹ̀. Ìdílé gba agolo náà lọ́wọ́ ààtàn. Ilé ìpamọ́ gbà á lọ́wọ́ ikú. Irin Mobee lè wà lórí tábìlì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, epo díẹ̀ ni yóò fẹ́. Fíìmù kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ìdílé kò tó fún un, yàrá tútù ni ó ń bèèrè.

Nàìjíríà ní ilé ìpamọ́ fíìmù, ní Jos, lábẹ́ àjọ tó ń rí sí fíìmù tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979. Ibi tí wọ́n gbé e sí dára: orí òkè ni Jos wà, ó tutù ju etíkun lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Shaihu Umar ní 2016, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 nípa ọmọ kan tí wọ́n jí gbé tà lẹ́rú, láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Wọ́n gbé e lọ sí Berlin, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún sinimá ìlú náà ní 2018. Kì í ṣe kàtúùnù, ṣùgbọ́n mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó fi hàn pé agolo tí a kò jù nù ṣì lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún. Ó tún fi hàn pé Berlin la gbé e lọ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Ti Alassane náà kò yàtọ̀: ẹni tó bá ń wá fíìmù rẹ̀ yóò kan ilẹ̀kùn ilé ìpamọ́ fíìmù Áfíríkà tó wà ní Paris. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pa á mọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀nà tó lọ láti Niamey sí Àgbádárìgì gba Paris kọjá.

Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ rántí kàtúùnù tí NTA ń fi hàn ní ìrọ̀lẹ́ ní àwọn ọdún 1980. Voltron wà níbẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún tò ní 1984 láti inú eré Japan ti 1981. SuperTed náà wà, béárì láti Wales. Mo fẹ́ràn wọn, n kò sì ní purọ́ pé n kò fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan tó ń dààmú lórí wọn, nítorí àwọn tó ni wọ́n ti tọ́jú wọn. Steamboat Willie, tí Mickey fi gbajúmọ̀ ní 1928, wà láyé, ó mọ́ ketekete; láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni lè wò ó tàbí kí ó lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Sim fi ọdún 38 jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó sì ṣòro láti rí jù ú lọ.

Tẹlifíṣọ̀n tiwa ní àbùkù tirẹ̀. Láti 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, téèpù wọ́n, wọ́n sì máa ń gba eré tuntun lé èyí tó wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. BBC fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ìpele eré rẹ̀, Doctor Who, rẹ́, ó lé ní àádọ́rùn-ún tí wọ́n kò tíì rí. Nínú èyí tí wọ́n ti rí padà, mẹ́sàn-án ni wọ́n bá ní 2013 ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Nàìjíríà ló bá London tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ayàwòrán Nàìjíríà ti pọ̀ báyìí. Adamu Waziri bẹ̀rẹ̀ Bino and Fino ní Abuja, ọmọ méjì kan tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn àti èdè ilẹ̀ wa. Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde ní 2020, kàtúùnù gígùn tí wọ́n fi hàn ní àwọn ilé sinimá wa. Ní 2024, àwọn ọ̀dọ́ Kugali bá Disney ṣe Iwájú, tí Èkó ti ọjọ́ iwájú jẹ́ pápá eré rẹ̀. Inú mi dùn sí gbogbo wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ irú àwọn wọ̀nyí kò ní agolo rárá. Inú kọ̀ǹpútà ló wà, àti inú dísìkì kan tó lè kú lálẹ́ ọjọ́ kan láì rùn, láì ṣe ìkìlọ̀. Ní 1998, ní ilé-iṣẹ́ kàtúùnù Pixar, ẹnì kan ṣèèṣì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, púpọ̀ nínú Toy Story 2 sì pòórá. Ẹ̀dà tí wọ́n rò pé wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Ohun tó gba fíìmù náà là ni pé Galyn Susman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹ̀dà kan sì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n rọra gbé e padà sí ibi iṣẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ àwọn ará etíkun wa kò ga jù. Ẹni tó bá ní páálí téèpù VHS tàbí agolo fíìmù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, kí ó gbé e kúrò nílẹ̀, kí ó gbé e jìnnà sí ògiri tó ń mu omi. Kí ó ṣí i, kí ó gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi fínígà, kí ó ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù. Kí ó má fi téèpù tó bu funfun sínú ẹ̀rọ, torí ìbu náà yóò ba téèpù jẹ́, yóò sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Kí ó wá ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó má dúró de ọdún tó ń bọ̀. Àwọn olórí ilé-ìwé ní Àgbádárìgì lè kọ̀wé sí Paris láti yá Sim, kí wọ́n fi hàn fún àwọn ọmọ ní Faransé, ní Ògù àti ní Yorùbá, nítorí àwọn ọmọ etí ẹnubodè yìí ń gbọ́ àwọn èdè wọ̀nyí lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya kàtúùnù lórí kọ̀ǹpútà ní Èkó ńkọ́? Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí wọ́n ṣe: ọ̀kan sí ibi iṣẹ́, ọ̀kan sí ilé ìyá wọn, ẹ̀kẹta sí ìlú tí omi òkun kò lè dé, bóyá Jos gan-an.